Àwòrán tó ń ta géèmù lórí Steam: ẹ bẹ̀rẹ̀ láti èyí tó kéré jù

Géèmù ti ń parí lọ. Ẹ mú ọ̀kan nínú àwọn àwòrán inú rẹ̀, ẹ kọ orúkọ rẹ̀ lé e lórí, ẹ gbé e sórí Steam, ọjà géèmù orí íntánẹ́ẹ̀tì. Lójú kọ̀ǹpútà tiyín, ó rẹwà. Àmọ́ nígbà tó bọ́ sáàárín àwọn géèmù yòókù, orúkọ rẹ̀ ò ṣeé kà mọ́, èèyàn inú rẹ̀ ti di tóótó, ẹni tó ń wò ó ò sì lè sọ bóyá géèmù ìjà ni àbí ti iṣẹ́ oko. Ó wò ó, ó kọjá lọ.

Ó ṣọ̀wọ́n kó jẹ́ pé ayàwòrán ni kò mọ iṣẹ́. Ohun tó máa ń ṣẹlẹ̀ ni pé wọ́n ya àwòrán ńlá tán pátápátá kí wọ́n tó rántí pé kékeré lèrò máa rí. Òdìkejì rẹ̀ la ó ṣe níbí: ẹ ó ti ìdí èyí tó kéré jù bẹ̀rẹ̀, ẹ ó wá máa gòkè bọ̀.

Kí ọ̀rọ̀ má baà wà lójú òfuurufú, mo máa lo géèmù àpẹẹrẹ kan tí mo kàn dá orúkọ rẹ̀ sílẹ̀: Ẹ̀kọ Gbígbóná. Ìyá kan ń ta ẹ̀kọ àti àkàrà ní gáréèjì láti ìdájí. Ẹni tó ń gbá géèmù ni yóò máa dín àkàrà, yóò máa wá ṣéńjì fún dírẹ́bà tó ń kánjú, yóò sì máa fi ọgbọ́n bá agbèrò sọ̀rọ̀. Géèmù òwò ṣíṣe ni, ẹ̀rín sì wà nínú rẹ̀.

Ohun tí ẹ máa nílò

Ètò ìyàwòrán tó ń lo layer (ìpele àwòrán tí wọ́n tò léra, tí ẹ lè tún ṣe lọ́tọ̀ọ̀tọ̀): ọ̀fẹ́ ni Krita àti GIMP. Fún orúkọ géèmù, Inkscape dára jù, ọ̀fẹ́ lòun náà, torí bí ẹ bá fẹ orúkọ náà tàbí tí ẹ dín in kù, etí lẹ́tà rẹ̀ kì í bàjẹ́. Fọ́ǹtì (oríṣi ìrísí lẹ́tà) tí ìwé àṣẹ rẹ̀ gbà kí ẹ fi ṣòwò. Ọ̀pọ̀ "ọ̀fẹ́" tó wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì, fún ìlò inú ilé nìkan ni. Fóònù kan, kì í ṣe èyí tó dáa jù nínú ilé. Àti èèyàn bíi márùn-ún tí kò tíì rí géèmù yín rí. Ẹ má tíì fi nǹkan kan hàn wọ́n, ẹ máa nílò ojú tuntun wọn níkẹyìn.

Lẹ́yìn náà, àwọn ìwọ̀n tí Steam ń béèrè, ní pixel (ẹyọ tóótó tó para pọ̀ di àwòrán), fífẹ̀ ṣáájú gíga. Capsule ni Steam ń pe àwòrán tó ń dúró fún géèmù, Library sì ni ibi tí géèmù tí èèyàn ti rà máa ń wà:

- Small Capsule: 462 × 174
- Header Capsule: 920 × 430
- Main Capsule: 1232 × 706
- Vertical Capsule: 748 × 896
- Library Capsule: 600 × 900
- Library Hero: 3840 × 1240
- Library Logo: PNG tí ẹ̀yìn rẹ̀ ṣófo, 1280 ní fífẹ̀ tàbí 720 ní gíga

Bí ẹ bá rí ìtọ́sọ́nà tó sọ 231 × 87 tàbí 460 × 215 tàbí 616 × 353, ti àtijọ́ ni, ìdajì sì ni. Ẹ wo ìwé Steamworks (ibi tí ẹni tó ń ta géèmù ti ń ṣètò rẹ̀ lórí Steam) fúnra yín kí ẹ tó sanwó fún ẹnikẹ́ni, torí Valve, ilé iṣẹ́ tó ni Steam, ti yí àwọn ìwọ̀n yìí padà rí.

Nọ́ńbà kan wà tí kò sí nínú ohun tí ẹ máa gbé síbẹ̀, òun ló sì ṣe pàtàkì jù: Steam fúnra rẹ̀ máa ń dín Small Capsule kù sí 184 × 69 àti 120 × 45. Ẹ kọ 120 × 45 sí ibi tí ojú yín á ti máa bá a pàdé.

Ìgbésẹ̀ kìíní: ẹ mọ ohun tí àwòrán yóò sọ

Ẹ kọ gbólóhùn kan ṣoṣo tó dáhùn ìbéèrè méjì: irú géèmù wo nìyí, báwo ló sì ṣe ń rí lára ẹni tó ń gbá a? Fún àpẹẹrẹ wa: géèmù òwò tó kún fún ìkánjú àti ẹ̀rín, nídìí àkàrà dídín ní kùtùkùtù. Ìtàn ìdílé ìyá yẹn, ẹ̀gbọ́n tó lọ sókè òkun, gbèsè tí ọkọ fi sílẹ̀, ìkankan nínú wọn ò ní wọ inú àwòrán. Ojú ìwé géèmù ni kí ẹ ti sọ wọ́n.

Ẹ wá lọ sí tag (àmì tí Steam fi ń pín géèmù sí irú wọn) tó bá géèmù yín mu, ẹ kó àwòrán bí ogún níbẹ̀, ẹ tò wọ́n sójú kan. Ẹ máa rí i pé wọ́n jọra. Ti ìbẹ̀rù máa ń ṣókùnkùn, ìmọ́lẹ̀ kan ṣoṣo ló máa ń wà nínú rẹ̀. Ti oko àti ti ìtura máa ń mọ́lẹ̀, lẹ́tà wọn á rí roboto. Ẹni tó ń ra irú géèmù kan ti mọ àmì rẹ̀ lójú, kódà kó tó ka orúkọ.

Ìkìlọ̀: ìfẹ́ láti dá yàtọ̀ ló ń ṣi ọ̀pọ̀ lọ́nà níbí. Ẹni tó ṣe géèmù àkàrà á ya ojú òkùnkùn kan tó bani lẹ́rù, torí pé "kò sẹ́ni tó ń ṣe bẹ́ẹ̀." Àwọn tó máa wá tẹ̀ ẹ́ ni àwọn tó ń wá ìbẹ̀rù, Steam sì gbà kí oníbàárà dá géèmù padà kó gbowó rẹ̀ láàárín ọjọ́ 14 bí kò bá tíì gbá a tó wákàtí 2. Ẹ jẹ́ kó jọ ẹgbẹ́ rẹ̀ ní ohun tó pọ̀, kó sì yàtọ̀ ní ẹyọ kan tó ṣe é fọwọ́ tọ́ka sí. Nínú Ẹ̀kọ Gbígbóná, àwọ̀ tó mọ́lẹ̀ àti ojú tó ń rẹ́rìn-ín ló bá ẹgbẹ́ mu. Agbada àkàrà lórí iná igi ní gáréèjì ni tiwa.

Àyẹ̀wò: ẹ ka gbólóhùn yín fún ẹnì kan tó máa ń gbá géèmù. Bó bá dárúkọ géèmù méjì mẹ́ta tó jọ ọ́ láìbéèrè àlàyé, ẹ lè tẹ̀ síwájú.

Ìgbésẹ̀ kejì: orúkọ ni kí ẹ kọ́kọ́ ṣe

Ẹ ṣí fáìlì 462 × 174. Ẹ má fi àwòrán kankan sí i. Àwọ̀ kan ṣoṣo lẹ́yìn, orúkọ níwájú. Ìmọ̀ràn Valve fúnra rẹ̀ ni pé kí orúkọ fẹ́rẹ̀ẹ́ kún Small Capsule. Ọ̀pọ̀ ayàwòrán kì í fẹ́ gbọ́ èyí, torí ó ń gba ilẹ̀ lọ́wọ́ àwòrán wọn. Ẹ má gbà fún wọn.

Ìṣirò rẹ̀ rèé. Láti 174 sí 45, gíga ti fẹ́rẹ̀ẹ́ pín sọ́nà mẹ́rin. Lẹ́tà tó ga ní 40 pixel á di nǹkan bíi 10. Èyí tó bá kéré sí ìyẹn, ojú ò ní lè dá a mọ̀. Nítorí náà, orúkọ tó gùn gbọ́dọ̀ pín sí ìlà méjì, kí ọ̀rọ̀ tó ṣe pàtàkì jù tóbi ju ìkejì lọ.

Ibẹ̀ gan-an ni wàhálà ti ń bá àwa tá à ń fi Yorùbá sọ géèmù lórúkọ. Ọ̀pọ̀ fọ́ǹtì tó rẹwà fún géèmù ò ní ẹ, ọ àti ṣ rárá. Bí wọ́n bá tilẹ̀ ní wọn, ẹ wo lẹ́tà tó ní àmì lókè àti nísàlẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Unicode, ìlànà tí kọ̀ǹpútà fi ń fún lẹ́tà ní nọ́ńbà, ní nọ́ńbà kan fún ẹ, ṣùgbọ́n kò ní ẹyọ nọ́ńbà kan ṣoṣo fún ẹ̀ tàbí ẹ́. Ṣe ni àmì ohùn máa ń dá wá tí á wá gun orí lẹ́tà. Fọ́ǹtì tí kò mọ ibi tó yẹ kó gbé e sí á fì í sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, tàbí kí kọ̀ǹpútà lọ yá lẹ́tà yẹn nìkan látinú fọ́ǹtì mìíràn, Ẹ̀kọ á wá dà bí ẹni tó wọ bàtà oríṣi méjì jáde.

Ọ̀nà tó rọrùn jù tí mo mọ̀: ẹ kọ orúkọ náà láìsí àmì rárá nínú Inkscape, ẹ lọ sí Path, ẹ yan Object to Path, kí lẹ́tà di ìrísí lásán. Lẹ́yìn náà, ẹ fọwọ́ ya àmì sí i, kí ìnípọn rẹ̀ bá ìnípọn lẹ́tà mu. Àmì ìsàlẹ̀ tó fẹ̀ ní 8 pixel nínú fáìlì yín á ṣẹ́ ku 2 péré nígbà tí Steam bá dín in kù, nítorí náà ẹ má ya ohun tó tín-ín-rín ju bẹ́ẹ̀ lọ, ẹ sì fi àlàfo sílẹ̀ láàárín òun àti lẹ́tà, kí ọ má baà dà bí Q.

Ẹ wo bó ṣe rí nínú àpẹẹrẹ wa. Ẹ̀kọ wà lókè, Gbígbóná wà nísàlẹ̀. Àmì abẹ́ ọ ń bọ̀ wálẹ̀, àmì orí í àti ó ń gòkè, wọ́n sì fẹ́ forí gbárí láàárín ìlà méjèèjì. Bí ẹ bá ti àwọn ìlà jìnnà síra, lẹ́tà á kéré. Ohun tó dára ni kí ẹ sún Ẹ̀kọ díẹ̀ sósì tàbí sọ́tùn-ún títí àmì ọ fi máa bọ́ sórí g tàbí b tí kò ní àmì lókè. Àwọn lẹ́tà á wọnú ara wọn, ilẹ̀ ò ní ṣòfò.

Ṣé kí ẹ kúkú yọ gbogbo àmì? Àwọn kan ń ṣe bẹ́ẹ̀. Èrò tèmi ni pé kí àmì ìsàlẹ̀ dúró nígbà gbogbo. Ti ohùn, kí ẹ fi í síbi tí ìtumọ̀ bá ti lè yí. Ọmọ Yorùbá tó bá rí Eko Gbigbona, ìlú Èkó ni yóò rò.

Ìkìlọ̀ mìíràn: lẹ́tà ìkọ̀wọ́ tó so mọ́ra, ìtànṣán yí ká lẹ́tà, àti ìlà tín-ín-rín máa ń di kurukuru. Lẹ́tà tó sanra, tó ní ìlà dúdú tó nípọn yí i ká, ló ń là á já.

Àyẹ̀wò: ẹ ṣe ẹ̀dà rẹ̀ gan-an ní 120 × 45, kì í ṣe pé kí ẹ kàn dín ojú rẹ̀ kù lórí ètò. Ẹ gbé e sójú fóònù, ẹ na apá tán, kí ẹni tí kò mọ orúkọ náà kà á sókè. Bó bá kọsẹ̀, ẹ padà sídìí lẹ́tà. Ẹ má tíì ronú kan àwòrán.

Ìgbésẹ̀ kẹta: ohun kan ṣoṣo ni kó wà nínú àwòrán

Ẹ ya àwòrán ìdánwò mẹ́ta, ní àwọ̀ eérú nìkan, ní kékeré. Ìṣẹ́jú díẹ̀ ni kí ọ̀kọ̀ọ̀kan gbà. Fún Ẹ̀kọ Gbígbóná: èkíní, gáréèjì látòkè, mọ́tò púpọ̀, ìyá kékeré láàárín, èkejì, ọwọ́ tó mú ṣíbí ńlá àti àkàrà mẹ́ta nínú epo, ẹ̀kẹta, ojú ìyá náà nítòsí, ó tẹ̀ síwájú lórí agbada, gèlè rẹ̀ ti fẹ́ ṣubú. Èkíní ló sọ ìtàn jù, òun náà ló sì máa kọ́kọ́ pa rẹ́ bí ẹ bá dín in kù. Èkejì hàn dáadáa, àmọ́ ó lè jẹ́ ìpolówó oúnjẹ. Ẹ̀kẹta ni kí ẹ mú: ojú èèyàn kì í pa mọ́ síni lójú bó ti wù kó kéré tó, ìkánjú àti ẹ̀rín sì wà lójú náà.

Ẹ jẹ́ kí ojú rẹ̀ kọ sí apá ibi tí orúkọ wà. Ibi tí ẹni inú àwòrán bá ń wò, ibẹ̀ ni òǹwòran náà á wò.

Ti àwọ̀ wá kù. Ojú ìwé Steam jẹ́ búlúù tó dúdú. Bí etí àwòrán yín bá jẹ́ òkùnkùn òru tàbí búlúù ìdájí, á yọ́ mọ́ ojú ìwé, kò ní sí ẹni tó mọ ibi tó ti bẹ̀rẹ̀. Iná abẹ́ agbada gbà wá lọ́wọ́ ìyẹn: àwọ̀ ọsàn àti pupa láti ìsàlẹ̀, tó tàn sí àgbọ̀n àti imú ìyá náà, tó sì dé etí àwòrán ní apá kan ó kéré tán. Ìdájí lè wà lẹ́yìn rẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ má jẹ́ kó gba gbogbo etí.

Ìkìlọ̀: ẹ má fi screenshot (àwòrán tí ẹ yà látinú géèmù bó ṣe ń lọ) ṣe é. Ojú fífẹ̀ ni wọ́n ṣe ìyẹn fún. Owó, aago àti bọ́tìnnì tó wà ní igun rẹ̀ á di ìdọ̀tí nígbà tó bá kéré. Steam ní àyè ọ̀tọ̀ fún screenshot, ẹ kó wọn síbẹ̀.

Àyẹ̀wò: ẹ pa gbogbo àwọ̀ rẹ́ kí àwòrán di eérú. Bí orúkọ àti ojú ìyá náà bá ṣì yọ gedegbe, ó dáa. Bí wọ́n bá wọ ẹ̀yìn lọ, àwọ̀ nìkan ló ń gbé àwòrán yẹn ró, ẹ tún ìmọ́lẹ̀ àti òkùnkùn rẹ̀ tò.

Ìgbésẹ̀ kẹrin: ẹ tò ó sí ìwọ̀n yòókù

Ẹ pa layer mọ́ lọ́tọ̀ọ̀tọ̀: ẹ̀yìn, èèyàn, orúkọ. Ẹ má gé àwòrán kan ṣoṣo sí ìwọ̀n mẹ́fà. Ẹ tún un tò fún ọ̀kọ̀ọ̀kan. Nínú Header àti Main, ìyá lápá kan, orúkọ lápá kejì. Nínú Vertical àti Library Capsule, orúkọ lókè tàbí nísàlẹ̀, ìyá gba àárín, agbada rẹ̀ sì hàn dáadáa. Nínú Small Capsule, orúkọ ló ni ilé. Ojú ìyá nìkan ló máa yọjú lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

Library Hero ló ń mú ọ̀pọ̀ èèyàn ṣìṣe: ẹ má kọ nǹkankan sínú rẹ̀. Library Logo ni Steam máa gbé lé e lórí. Bí fèrèsé ẹni tó ń wò ó bá sì kéré, etí àwòrán máa ń gé dànù, nítorí náà kí ohun pàtàkì wà láàárín.

Àyẹ̀wò: ẹ to gbogbo wọn sójú kan. Ọmọdé yẹ kó lè sọ pé géèmù kan náà ni.

Ìgbésẹ̀ karùn-ún: òfin

Láti ọjọ́ 1 oṣù Kẹsàn-án ọdún 2022, ohun tí Valve gbà láyè nínú àwọn àwòrán yìí ni iṣẹ́ ọnà géèmù, orúkọ rẹ̀, àti àkọlé kejì tó bá jẹ́ ti géèmù náà lóòótọ́. Kò sí orúkọ àmì ẹ̀yẹ, kò sí máàkì àwọn aṣelámèyítọ́, kò sí "ẹ̀dínwó." Bí ẹ bá ṣe àfikún ńlá sí géèmù, ọ̀nà wà láti fi àwòrán ìgbà díẹ̀ rọ́pò èyí tó wà ńlẹ̀, kó kéde àfikún náà, kò sì lè ju oṣù kan lọ.

Steam tún máa ń béèrè bóyá ẹ lo AI, ó sì máa ń fi ìdáhùn yín han àwọn oníbàárà. Ẹ sọ òtítọ́.

Bí ẹlòmíràn bá máa yà á fún yín

Ìwé ìránṣẹ́ tó ṣe kedere ń dín ìjà kù. Ẹ lè kọ ọ́ báyìí:

"Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀gbọ́n. Ẹ jọ̀ọ́, mo fẹ́ kí ẹ bá mi ya àwòrán Steam fún géèmù òwò kan tó ń jẹ́ Ẹ̀kọ Gbígbóná. Ohun tó gbọ́dọ̀ hàn ni ojú ìyá aláàkàrà lókè agbada, kí iná máa tàn sí i láti ìsàlẹ̀. Mo fi àwòrán géèmù mẹ́fà tó jọ ọ́ ránṣẹ́, mo sì kọ ohun tó wù mí nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan sábẹ́ rẹ̀. Kí ẹ tó fi àwọ̀ kankan sí i, ẹ bá mi fi àwòrán ìdánwò mẹ́ta ní àwọ̀ eérú ránṣẹ́ ní 462 × 174. Mo máa gba fáìlì tó ní layer níkẹyìn."

Ẹ kọ iye àtúnṣe tó wà nínú owó náà sínú àdéhùn, àti pé ẹ lè lò ó fún ìpolówó, fún aṣọ, fún ohunkóhun tó bá kan géèmù náà. Ẹni tó gba JPG kan ṣoṣo, tó sanwó tán, tí kò gba layer, yóò tún sanwó nígbà tó bá fẹ́ yí orúkọ kúrò níbi kan sí ibòmíràn.

Ìgbésẹ̀ kẹfà: ẹ dán an wò kí ẹ tó gbé e jáde

Ẹ lọ sí ojú ìwé tag yín lórí Steam, ẹ ya screenshot rẹ̀ bó ṣe wà, ẹ lẹ àwòrán tiyín mọ́ ipò géèmù kan níbẹ̀. Ẹ fi han àwọn èèyàn márùn-ún yẹn, lọ́kọ̀ọ̀kan, fún ìwọ̀nba ìgbà tí èèyàn fi ń yí ojú ìwé kọjá. Ẹ gbà á padà. Ẹ bi wọ́n pé: èwo lẹ rántí? Ẹ wá tọ́ka sí tiyín: irú géèmù wo nìyí? Ẹ má bi wọ́n bóyá ó dáa, torí ìtìjú ò ní jẹ́ kí wọ́n sọ òótọ́. Ẹ má sì ṣàlàyé nǹkankan.

Ẹ má fi iṣẹ́ yìí di ọ̀sẹ̀ tó kẹ́yìn. Valve máa ń yẹ ojú ìwé wò kó tó jáde, ojú ìwé Coming Soon (èyí tó ń sọ pé géèmù ń bọ̀) sì gbọ́dọ̀ ti wà níta fún ọ̀sẹ̀ 2 ó kéré tán kí ẹ tó lè ta géèmù. Nígbà tí ojú ìwé bá ti jáde, ẹ tẹ orúkọ géèmù yín sínú ibi ìwáǹkan láìsí àmì kankan, bí oníbàárà ṣe máa tẹ̀ ẹ́ lórí fóònù, kí ẹ rí i bóyá ó ń jáde.

Ìgbésẹ̀ keje: ẹ ka nọ́ńbà

Steamworks á fi iye ìgbà tí àwòrán yín fara hàn àti iye ìbẹ̀wò tó tibẹ̀ wá hàn yín. Bó bá fara hàn nígbà 10,000, tí ìbẹ̀wò 200 jáde níbẹ̀, ìdá 2 nínú ọgọ́rùn-ún nìyẹn. Nọ́ńbà yẹn lásán ò sọ nǹkankan. Ẹ fi ibì kan wé ibi kan náà: èyí tó wá látinú ìwáǹkan, ẹ fi wé ti ìwáǹkan. Ẹ má sì fi ọ̀sẹ̀ Next Fest (àjọ̀dún tí Steam fi ń ṣàfihàn géèmù tó ń bọ̀) tàbí ọ̀sẹ̀ ẹ̀dínwó ńlá wé ọ̀sẹ̀ lásán.

Bí ẹ bá fẹ́ yí àwòrán padà, ohun kan ni kí ẹ yí lẹ́ẹ̀kan, kí ẹ fi í sílẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan. Bí èèyàn bá ń tẹ̀ ẹ́ dáadáa, tí wọn ò sì fi í sí wishlist (àkọsílẹ̀ géèmù tí wọ́n fẹ́ rà), ẹ fi àwòrán sílẹ̀. Fídíò tàbí screenshot yín ni kò mú ìlérí àwòrán náà ṣẹ.

Bí kì í bá ṣe Steam

Fún itch.io, ọjà géèmù mìíràn, 630 × 500 ni wọ́n dámọ̀ràn, kò sì gbọ́dọ̀ kéré sí 315 × 250. Wọ́n gba GIF tó ń mira níbẹ̀, èéfín agbada tó ń rú díẹ̀díẹ̀ ti tó. Google Play ń fẹ́ àmì géèmù (icon) 512 × 512 àti àwòrán 1024 × 500. Ẹ gbé àmì náà síbẹ̀ ní igun mẹ́rin pípé, Google fúnra rẹ̀ á rẹ́ igun rẹ̀ roboto, ẹ má sì kọ orúkọ sínú rẹ̀, torí orúkọ ti wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Play Console, ibi tí ẹ ti ń ṣètò géèmù lórí Google Play, tún lè fi àmì méjì han èrò lọ́tọ̀ọ̀tọ̀ lákòókò kan náà, kó sọ èyí tí wọ́n mú jù: ẹ fi ojú ìyá aláàkàrà sí ọ̀kan, ẹ fi àkàrà nìkan sí ìkejì.